Ibi Tí Mọ́tò Alárìnkiri Ń Sùn

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ búra kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Bí mo bá fi irọ́ kan lú u, kí ẹsẹ̀ mi méjèèjì tí mo fi ń jẹ ayé kọ̀ láti gbé mi. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi, níbi tí àwọn awakọ̀ akẹ́rù ti ń sinmi lẹ́bàá ọ̀nà. Kò bẹ̀ mí pé kí n bo òun láṣìírí. Ó kàn ní kí n má fi kún un, kí n má sì yọ níbẹ̀.

Alárìnkiri ni wọ́n ń pè é. Ó ti wa akẹ́rù, ó ti wa bọ́ọ̀sì, ó ti wa katakata. Ó ti sùn sábẹ́ afárá, ó ti sùn sẹ́yìn ilé ìtajà. Kò ní ìyàwó tó dúró, kò sì bímọ. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló forí lé. Ẹ̀gbọ́n náà ò bi í ní ìbéèrè kankan. Ó ní yàrá kan wà lẹ́yìn, kí ó gbé àpò rẹ̀ wọlé, kí ó sì bọ́ bàtà rẹ̀ síta nítorí pé ó ń rùn.

Ohun kan ṣoṣo tí Alárìnkiri rí mú bọ̀ nínú gbogbo ìrìn rẹ̀ ni mọ́tò kan. Ọkùnrin awọnlẹ̀ kan, tó ń wọn ilẹ̀ ṣiṣẹ́ ṣe, tí Alárìnkiri bá wakọ̀ títí ó fi kú, ló fi í sílẹ̀ fún un. Mọ́tò àtijọ́ ni, iwájú rẹ̀ gùn bí imú ẹṣin, iná rẹ̀ rí rìbìtì. Irú rẹ̀ ò sí lójú títì mọ́. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ dé egungun nígbà tó kọ́kọ́ gbà á. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe, ọdún lé ọdún, títí ọ̀dà rẹ̀ fi tutù minimini bí ewé lẹ́yìn òjò, tí àwọn tó ń kọjá sì ń dúró wò ó.

Ibì kan ló kù tí kò rí tún ṣe. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ èrò ò ṣeé ṣí láti inú. Ọwọ́ rẹ̀ ti kán, kò sì rí irú rẹ̀ rà níbikíbi. Ẹni tó bá fẹ́ gba ibẹ̀ jáde, àfi kí ẹlòmíì ṣí i fún un láti ìta. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Abẹ́ igi kan níwájú ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mọ́tò náà ń sùn, ó máa ń fi tapólì bò ó bí ẹni da aṣọ bo ọmọ. Ní ọjọ́ kan tí atẹ́gùn ń jà, ẹ̀ka igi já lulẹ̀, ó sì tẹ òrùlé rẹ̀ wọlé. Alárìnkiri jókòó sórí bíríkì kan, ó ń wò ó. Ó ní bí wọ́n bá lu òun gan-an, kò lè dun òun tó bẹ́ẹ̀.

Ó gba ọ́fíìsì ìnṣọ́ránsì lọ. Ọkùnrin tó bá níbẹ̀ tẹ kọ̀ǹpútà títí, ó wá rẹ́rìn-ín. Ó ní gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ àwọn ṣe wí, mọ́tò náà ò ju irin tí wọ́n ń gbé fún àwọn tó ń yọ́ irin lọ. Ó ní bó bá jóná lónìí, owó tí àwọn máa fún un ò ní tó ra taya rẹ̀.

Wẹ́dà kan tó ń jó irin, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lódìkejì títì, ló bá a tún òrùlé náà ṣe. Òun ló sọ fún un pé ìnṣọ́ránsì mìíràn wà, tó jẹ́ ti àwọn tó ń kó mọ́tò àtijọ́ pamọ́. Ó ní àwọn yẹn kì í wo ọjọ́ orí mọ́tò. Wọ́n á ránṣẹ́ wá wò ó, àwọn àti onímọ́tò á sì jọ fẹnu kò sí iye tó tó, ohun tí wọ́n bá sì fẹnu kò sí náà ni wọ́n máa san bí nǹkan bá ṣe é.

“Àmọ́ ojú wọn le o, ọ̀gá,” Wẹ́dà wí. “Wọ́n máa ń tọ́jú mọ́tò ju bí ìyá mi ṣe tọ́jú mi lọ.”

Alárìnkiri rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà máa padà kọjú sí òun.

Ó pè wọ́n lórí fóònù ní ọjọ́ kejì. Obìnrin kan ló gbé e, ohùn rẹ̀ dùn, kò kánjú. Ó bi í bóyá ó ní nǹkan mìíràn tó fi ń jáde, nítorí pé irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí téèyàn ń gbé lọ ra búrẹ́dì. Alárìnkiri ní òun ní kẹ̀kẹ́. Òótọ́ nìyẹn.

Obìnrin náà wá bi í bóyá ó ní gáréèjì.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé ibí yìí ni ọkùnrin yìí ti lè sọ pé rárá, kí ó dúpẹ́, kí ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Ojú fèrèsé ló dúró sí. Ó ń wo ilẹ̀kùn ńlá aláwẹ́ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti dolóògbé.

Ó ní, “A ní.”

Káfíńtà ni ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù náà ló wà lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó gbé ìfági sílẹ̀, tó ní àyà ń dun òun, kò sì padà wọbẹ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ayùn wà lára ògiri. Ìfági wà lórí bẹ́ńṣì ńlá tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́lẹ̀. Àga kan wà níbẹ̀ tó ń ṣe fún ìyàwó rẹ̀, àga tó ń fì síwá sẹ́yìn, ó ti rí apá kan fi sí i, apá kejì ò tíì sí. Nílẹ̀, yí ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì ká, èérún igi tó fá lọ́jọ́ náà ṣì wà níbẹ̀, ó ká bí òrùka, ojú ibi tí ó fẹsẹ̀ sí láàárín rẹ̀ sì ṣófo gédégédé. Obìnrin yìí máa ń gbá gbogbo ilé títí dé ojú títì. Kì í gbá ibẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ mìíràn, ó máa ń ṣílẹ̀kùn, á jókòó sórí àga alápá kan náà, á sì tún jáde wá se oúnjẹ.

Alárìnkiri ti fi ṣe ẹ̀fẹ̀ rí. Ó ní bí òun bá ní irú ilé bẹ́ẹ̀, mọ́tò òun ì bá má sùn níta bí ewúrẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín.

“Gbogbo ilé yìí ni mo fún ẹ, àbúrò mi,” ó ní. “Àfi ibẹ̀ yẹn.”

Nítorí náà, ó mọ̀. Kì í ṣe pé kò mọ̀.

Ìbéèrè obìnrin orí fóònù náà ò tán. Ó bi í bóyá bíríkì ni wọ́n fi kọ́ gáréèjì náà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi í bóyá ó ní àgádágodo tó lágbára. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi í bóyá mọ́tò náà ní àlébù kankan, ó ní kò ní. Ó bi í ta ló ni ilé. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni. Ó bi í bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọwọ́ sí i pé kí mọ́tò máa sùn níbẹ̀. Alárìnkiri ní ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ràn mọ́tò náà bí ẹyinjú. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn dára. Ó ní kò gbọdọ̀ sí ohunkóhun tó lè tètè gbiná nínú gáréèjì náà o, kò gbọdọ̀ sí epo, kò gbọdọ̀ sí pépà, kò gbọdọ̀ sí èérún igi. Ó ní àwọn máa rán ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìgbà tó gbé fóònù sílẹ̀ ló wá rí i pé gbogbo bẹ́ẹ̀ ni tí òun ń sọ, bí ẹni ń fi ìṣó kan ilẹ̀kùn ni, inú ilé náà lòun sì wà. Ó lè pè padà. Ó gbé fóònù, ó tún gbé e sílẹ̀. Ó ní òun ronú pé bóyá wọn ò ní tètè wá.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ní òun á lọ tọ́jú rẹ̀ títí ó fi máa lè rìn. Ó kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, kò yọ ọ̀kankan.

“Ṣé kí n yọ ti ṣọ́ọ̀bù?” Alárìnkiri bi í. Ó ní òun fẹ́ kó yọ ọ́. Ó ní òun gbàdúrà lọ́kàn pé kó yọ ọ́.

“Kí ni mo fẹ́ yọ ọ́ fún? Ṣé olè ni ẹ́ ni?”

Ẹ̀gbọ́n wọ bọ́ọ̀sì lọ. Kò pẹ́ tó lọ tí ìnṣọ́ránsì pè pé ọ̀la làwọn ń bọ̀.

Alárìnkiri pe Wẹ́dà pé kó bá òun gbé ẹrù. Wẹ́dà ń dápàárá wọlé, ó ní ó tó ìgbà tí mọ́tò kúrò níta, ojú ti ń ti òun nítorí rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn tí ó rí àga náà, ó yọ fìlà rẹ̀.

“Ọ̀gá, ṣé ẹ̀gbọ́n yín mọ̀?”

“Òun ló ní kí n ṣe é.”

Wẹ́dà wò ó. Lẹ́yìn náà ó gbá ẹsẹ̀ àga mú, wọ́n sì jọ gbé e jáde. Wọ́n kó ayùn, wọ́n kó òòlù, wọ́n kó pákó, wọ́n to gbogbo ẹ̀ sẹ́yìn ilé, wọ́n sì fi tapólì mọ́tò bò ó. Alárìnkiri ní òun ti rò ó dáadáa: bí ayẹ̀wò bá ti parí, kí ẹ̀gbọ́n òun tó dé, òun á dá nǹkan kọ̀ọ̀kan padà síbi tó wà, kó dà bí ẹni pé ẹsẹ̀ ò débẹ̀. Ó tilẹ̀ fi ẹfun fa ìlà sí ara ògiri níbi tí ayùn kọ̀ọ̀kan wà. Bẹ́ńṣì nìkan ni kò ṣeé gbé, nítorí bóòtù rẹ̀ ti dì mọ́ kọ̀ǹkéré.

Ó wá ku èérún igi nílẹ̀.

Ó dúró lórí rẹ̀ tòun ti ìgbálẹ̀. Ó kọ́kọ́ fẹ́ kó o sínú àpò. Àmọ́ kò sí bí èèyàn ṣe máa kó o tí kò ní í rún, kò sì sí bí èèyàn ṣe máa dá ojú ẹsẹ̀ òkú padà sí ilẹ̀. Ó ní òun mọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó gbá a. Ó gbé e lọ sẹ́yìn, ó sì sun ún. Ó ní ó jó kíákíá, ó ń ta sánsán bíi pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

Lọ́jọ́ kejì ó wa mọ́tò wọlé. Ṣọ́ọ̀bù náà há. Ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ lẹ̀ mọ́ bẹ́ńṣì, ilẹ̀kùn ibẹ̀ ò lè ṣí ju ìbú ọwọ́ lọ. Ẹ̀gbẹ́ kejì ló gbà jáde, ẹ̀gbẹ́ tí ọwọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ ti kán. Wẹ́dà ló ṣí i fún un láti ìta, ó sì padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láìsọ ọ̀rọ̀ kan.

Ọmọbìnrin kan ni ìnṣọ́ránsì rán wá. Ó kí i dáadáa, ó ń pè é ní Bàbá. Ó fọwọ́ kan ògiri, ó mi àgádágodo wò, ó bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀, ó ní ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó tan iná wo abẹ́ mọ́tò, ó ní òun ò tíì rí èyí tí wọ́n tọ́jú tó báyìí. Inú Alárìnkiri dùn débi pé ó gbàgbé ohun tó ṣe.

Ọmọbìnrin náà ní kó jókòó sí ìdí ọkọ̀, kó tan ẹ́ńjìnnì, kí òun gbọ́ ohùn rẹ̀. Alárìnkiri fà wọlé láti ẹ̀gbẹ́ èrò, ó fà kọjá, orúnkún rẹ̀ ń ké. Ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ẹ́ńjìnnì dáhùn. Ó pa á. Ọmọbìnrin náà ní òun fẹ́ ya fọ́tò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kan ti ilẹ̀kùn náà pa.

Ó dún gbàmù.

Alárìnkiri jókòó. Kò lè sọ fún un pé ilẹ̀kùn náà ò ṣí láti inú, nítorí pé ó ti sọ lórí fóònù pé mọ́tò òun ò ní àlébù kankan. Gíláàsì rẹ̀ ò sì lè sọ̀ kalẹ̀ ju ìbú ìka méjì lọ, ọwọ́ ò lè gba ibẹ̀ jáde. Ó ní kò burú, òun á dúró kó ya fọ́tò tán, òun á wá dọ́gbọ́n ní kó bá òun ṣí i.

Ìgbà yẹn ló gbọ́ ìró géètì ẹ̀yìn.

Ó mọ ìrìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti kékeré; ọmọ náà ti tètè rìn ju bí wọ́n ṣe rò, ìyá rẹ̀ sì ti padà dé. Ó gbọ́ tó sọ báàgì kalẹ̀. Ó gbọ́ tí wọ́n ń ká tapólì sókè, díẹ̀díẹ̀. Ó fọwọ́ ti ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, ilẹ̀kùn gbá bẹ́ńṣì. Ó fọwọ́ ti ti ẹ̀gbẹ́ èrò, kò mì. Ó ní òun ti sùn ní àtìmọ́lé rí, òun ti há sínú akẹ́rù tó dojú dé rí, àmọ́ kò sí ibi tó fún òun bí àga mọ́tò òun lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọ sí ẹnu ọ̀nà.

Ọmọbìnrin náà yíjú, ó kúnlẹ̀ kí i. Ó bi í bóyá òun ni onílé. Ẹ̀gbọ́n ní òun ni. Ọmọbìnrin náà ní ó dára tí wọ́n pàdé, nítorí pé bó bá ṣeé ṣe, àwọn fẹ́ràn kí onílé fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó ní ṣé lóòótọ́ ni mọ́tò yìí ń sùn níbí, ṣé ó sì mọ̀ sí i?

Ẹ̀gbọ́n ò wo mọ́tò. Ògiri ló kọ́kọ́ wò, níbi tí wọ́n fi ẹfun fa ìlà sí. Lẹ́yìn náà ó wo ilẹ̀. Ó wo ilẹ̀ náà títí ọmọbìnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, tó ń wá ohun tí wọ́n ń wò.

Alárìnkiri wà lẹ́yìn gíláàsì. Ó ní bí ẹ̀gbọ́n òun bá sọ pé rárá, òun á dọ̀bálẹ̀ fún un títí láé, nítorí pé yóò já okùn irọ́ tí òun fi de ara òun. Ó ní òun fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ pé rárá.

“Ó ń sùn níbí,” ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. “Ibí náà ni yóò máa sùn.”

Ọmọbìnrin náà dúpẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, wọ́n ti gbà á, kí mọ́tò má ṣáà sùn síbòmíì, nítorí pé àwọn lè yà wò ó nígbàkígbà, bí wọn ò bá sì bá a, ìnṣọ́ránsì ti tú. Ó juwọ́ sí Alárìnkiri, ó ní kí Bàbá má wulẹ̀ dìde, kó máa gbádùn mọ́tò rẹ̀. Ó jáde.

Ó wá ku àwọn méjèèjì.

Alárìnkiri fi ẹnu sí ibi tí gíláàsì ti ṣí. Ó bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní òun á dá gbogbo ẹ̀ padà, kò ní ku ẹyọ kan, pé òun ti sàmì síbi gbogbo. Ó ní òun fẹ́ fi nǹkan kan sílẹ̀ láyé tí wọn ò ní pè ní irin ni. Ó ní òun mọ̀ pé òun ṣẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń rìn lọ rìn bọ̀ níwájú mọ́tò bí ẹni pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ síbi ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì. Èérún igi kan ṣoṣo ti há sábẹ́ bóòtù, ìgbálẹ̀ ò rí i. Ó fi èékánná yọ ọ́ jẹ́jẹ́ kó má bàa rún, ó dì í sí etí ìborùn rẹ̀, ó sì ta á ní kókó.

“Àǹtí mi,” Alárìnkiri wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣílẹ̀kùn. Kò ṣeé ṣí láti inú.”

Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wo ojú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ó ṣí i fún un, gbayawu, ó sì sún sẹ́yìn kó lè rí ọ̀nà jáde. Kò pariwo. Ó sọ gbólóhùn méjì, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wọlé lọ.

Alárìnkiri gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Kò lè wa mọ́tò lọ. Bó bá gbé e kúrò níbẹ̀, ó ti padà di irin lẹ́nu wọn nìyẹn. Bó bá sì fi í sílẹ̀, kò lè wọ ilé tó wà. Wẹ́dà sọ fún un lórí fóònù pé àwọn ìnṣọ́ránsì yà síbẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, pé ẹ̀gbọ́n ṣílẹ̀kùn fún wọn, ó sì jẹ́ kí wọ́n wò ó. Ó ní mọ́tò náà ò ní eruku kankan lára. Ó ní àga alápá kan náà ti wà níwájú rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i.

Mo bi Alárìnkiri bóyá ó ti ránṣẹ́ bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní òun ránṣẹ́, òun pè, òun dúró lódìkejì títì láti àárọ̀. Kò gbé fóònù, kò yọjú. Gbólóhùn méjì tó sọ lẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́tò ni èyí tó sọ fún un kẹ́yìn. Mo ní kí ló wí. Alárìnkiri ń wo títì, ó sọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́.

“Mọ́tò rẹ ti ríbi sùn. Ìwọ náà lọ wá tìrẹ.”

Mọ́tò rẹ ti ríbi sùn. Ìwọ náà lọ wá tìrẹ.